Kọnfú Tí Mo Kọ́ ní Papalanto àti Ohun Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Ṣe

Àwọn ọmọdé àdúgbò wa ní Kémta ń pè mí ní Bàbá Kọnfú. Bí wọ́n bá rí mi tí mo ń fi ọ̀pá rìn lọ, wọ́n á wo ara wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, torí wọn ò rí ohun tó jọ kọnfú lára mi mọ́. Mi ò bá wọn wí. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí. Mo kọ́ ọ, mo fi kọ́ni, mo jẹun nídìí rẹ̀, mo sì fi ṣe ohun kan tí kò ṣeé tún ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ kan ṣì máa ń wá bi mí bóyá iṣẹ́ ni, bóyá èèyàn lè fi ọjọ́ ayé rẹ̀ sí i. Dípò kí n máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, kí ẹni tó bá kà á fúnra rẹ̀ wọ̀n ọ́n wò.

Aṣọ ni wọ́n ń tà nílé wa. Bàbá mi ta aṣọ, bàbá tó bí wọn náà ta aṣọ, ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìtokú sì ti wà kí wọ́n tó bí mi. Èmi ni Tájù, àbíkẹ́yìn wọn. Nígbà tí mo jáde ilé ìwé gírámà, kò sí ọ̀dọ́ Abẹ́òkúta tí kì í lọ wo sinimá àwọn ará Ṣáínà. A ó jáde síta, a ó máa fò káàkiri títì, a ó máa ta ara wa nípàá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọ̀sẹ̀ kan kì í pé kó tó kúrò lójú wọn. Tèmi ò kúrò.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ló sọ fún mi pé ará Ṣáínà kan wà ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ti ń ṣe ike lẹ́bàá Papalanto, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀. Ó ní láràárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin náà máa ń dá dúró lábẹ́ igi kajú, á máa ṣe ọwọ́ bíi pé ó ń ti omi. Mo lọ wá iṣẹ́ alágbàṣe síbẹ̀, wọ́n gbà mí. Owó tí wọ́n ń san fún mi kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá Lìn ni orúkọ wọn. Wọ́n kúrú, irun orí wọn ti tán, àpá iná sì wà lápá wọn láti ọrùn ọwọ́ dé ìgunpá. Wọ́n gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kò ṣòro fún wọn rárá, nítorí èdè tiwọn náà ń lọ sókè sódò bíi tiwa. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ní "gb" nínú nìkan ni kò gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ kẹta tí mo débẹ̀.

"Kí lo fẹ́?"

"Mo fẹ́ kọ́ ìjà, sà."

"Ìjà wà ní gáréèjì. Lọ síbẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lé mi. Nígbà kẹrin, mi ò dárúkọ ìjà. Mo ní mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe lábẹ́ igi. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní kí n wá ní ìdájí ọjọ́ kejì.

Ìdúró ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìdúró ẹlẹ́ṣin ni wọ́n ń pè é: o ó ya ẹsẹ̀ méjèèjì, o ó tẹ orúnkún, o ó na ẹ̀yìn ṣánṣán bí ẹni tó jókòó sórí ẹṣin. Ẹni tó bá rò pé ó rọrùn, kó dìde kó gbìyànjú rẹ̀ níbi tó wà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò lè kà dé ọgọ́ta kí itan mi tó máa gbọ̀n. Lọ́sẹ̀ kejì, Ọ̀gá gbé abọ́ tánganran tó kún fún omi lé mi lórí itan méjèèjì. Bí omi bá ta sílẹ̀, mo máa lọ pọn òmíràn wá láti ẹnu ẹ̀rọ, màá sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko, a ò ṣe ohun mìíràn.

"Ọ̀gá, ìgbà wo ni ẹ máa kọ́ mi ní ẹ̀ṣẹ́?"

"Igi tí kò ní gbòǹgbò, tó ń wá èso," ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Wọ́n tún rọ omi sínú abọ́.

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo dúró. Lẹ́yìn ọdún kan ni wọ́n tó fi odindi ìjókòó kan hàn mí, ìyẹn ọ̀wọ́ ìṣísẹ̀ tí èèyàn máa ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró. Mi ò lè gbàgbé àárọ̀ náà. Ọkùnrin tí gbogbo ilé iṣẹ́ mọ̀ sí ẹni tó ń fi ìdọ̀tí epo nu ọwọ́ lára ṣòkòtò, ó di nǹkan mìíràn lójú mi. Ó ń yí, ó ń balẹ̀, ó ń dìde, ilẹ̀ kò sì dún. Ọwọ́ tó dà bíi pé ó ń ṣeré á kàn dédé le bí irin, á sì tún rọ̀. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n pa ọwọ́ pọ̀ níwájú àyà, wọ́n tẹrí ba fún igi kajú, nítorí kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ àfi èmi. Mo ronú lọ́jọ́ náà pé bí mo bá lè ṣe ìdajì èyí kí n tó kú, ayé mi ò ṣòfò.

Àmọ́ agbára tó kọ́kọ́ wọ ara ọ̀dọ́ kì í dákẹ́ síbẹ̀. Lọ́dún kẹta, mo wọkọ̀ lọ sí Owódé, kọ̀ńdọ́kítọ̀ kan bú ìyá mi nítorí ṣénjì. Kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, mo ti gbá a ní ẹ̀ṣẹ́ lẹ́nu, eyín rẹ̀ méjì sì jáde. Inú mi ń dùn nígbà tí mo padà sí Papalanto. Ọ̀gá ti gbọ́ kí n tó dé.

"Ta ló ni ọwọ́ yẹn?"

"Èmi ni, sà."

"Irọ́. Ọwọ́ tó o gbé wá sí ibí, ìwọ lo ni ín. Èyí tó lu ọmọ ọlọ́mọ, èmi ni mo ṣe é. O fi ọwọ́ mi lu èèyàn."

Wọ́n ní mi ò ní dúró lábẹ́ igi náà mọ́ títí ẹnu kọ̀ńdọ́kítọ̀ yẹn á fi san, pé kí n lọ bẹ̀ ẹ́, kí n sì máa bá a pe èrò. Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo ọjọ́ ìsinmi mi fún ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, tí mò ń ké "Owódé! Owódé wọlé!", tí ọkùnrin náà jókòó síwájú, tó di ẹnu rẹ̀ mú. Mi ò tún lu ẹnikẹ́ni ní ìta mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọdún mẹ́jọ ni mo lò lọ́dọ̀ wọn. Ìgbà tí iṣẹ́ wọn parí, wọ́n padà sí ìlú wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá mi sọ kẹ́yìn kò pọ̀. Wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn tó bá ní sùúrù nìkan. Wọ́n tún ní, "Búlọ́ọ̀kù kì í jà. Má ṣe máa fọ́ ọ fún èrò ìwòran." Mo ní mo ti gbọ́.

Mo gba gbọ̀ngàn kékeré kan ní Ìbarà. Bàbá mi kú láì wá síbẹ̀ rí. Wọ́n máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn pé èmi ń ṣe "nǹkan kan" nígboro. Irinṣẹ́ mi nígbà náà, ẹ má rẹ́rìn-ín: àpò ìrẹsì tí mo rọ iyanrìn odò Ògùn kún, tí mo fi okùn so mọ́ òpó àjà, ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀, àti tìmùtìmù ìgbaẹ̀ṣẹ́ tí oníbàtà kan ní Lafẹ́nwá fi awọ àti fóòmù bẹ́ẹ̀dì rán fún mi. A gbá àpò yẹn títí a fi ń fi abẹ́rẹ́ ńlá rán an lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò yára gbéra. Àwọn èèyàn á wá, wọ́n á dúró ní ìdúró ẹlẹ́ṣin fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á sì poora. Nígbà tó yá, ẹnìkan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi agbára díẹ̀ han aráàlú. Mo fọ́ búlọ́ọ̀kù kan ní pápá ilé ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá sì forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé Ọ̀gá Lìn kò mọ Abẹ́òkúta.

Ọ̀kan nínú àwọn tó wá ni Wàsíù. Ó ti kọ́ṣẹ́ wẹ́dà, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ara rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi tí mo lo oṣù mẹ́ta kí n tó lè dúró, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó lò. Ìyá rẹ̀ ń rẹ àdìrẹ ní Ìtokú, ẹgbẹ́ mi ni obìnrin náà, opó ni, aró sì ti wọ ọwọ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, kò ṣeé fọ̀ kúrò mọ́. Ó wá wò wá lọ́jọ́ kan. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí a fi parí.

"Ọ̀gá Wàsíù, ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ ṣeun, Ìyá Wàsíù. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

"Ọjà ń dúró dè mí. Ẹ jọ̀ọ́, òun nìkan ni ọkùnrin tí mo bí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló tẹ̀lé e. Mo fi í lé yín lọ́wọ́ ni o."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni Wàsíù lò pẹ̀lú mi. Ó ti ń bá mi kọ́ àwọn ọmọ tuntun, mo sì ti pinnu pé òun ni màá fa gbọ̀ngàn náà lé lọ́wọ́ bí ó bá rẹ̀ mí.

Òṣèlú kan ní ìlú ń ṣe ayẹyẹ, ó ní kí a wá ṣe ohun tí yóò ya èrò lẹ́nu. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé Wàsíù á dùbúlẹ̀, màá gbé búlọ́ọ̀kù lé e ní ikùn, màá sì fi òòlù ńlá fọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tiwa, àwa fúnra wa ni a ń ṣe é. Iyanrìn rẹ̀ pọ̀, sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kò tó nǹkan, a ó sì sá a sóòrùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Òun ló ń gba agbára òòlù, tó ń fọ́ kí ó tó dé ara. Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ tó kó búlọ́ọ̀kù wa bàjẹ́ lọ́nà. Àwọn tó pè wá ní kò sí wàhálà, wọ́n sáré lọ gbé méjì wá láti ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé.

Mo gbé ọ̀kan. Bí mo ṣe gbé e báyìí, mo mọ̀. Ó wúwo ju tiwa lọ dáadáa, ó sì tutù lábẹ́, kò tíì gbẹ. Èrò ti yí wa ká. Ọkùnrin tó mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ ti ń pariwo orúkọ mi. Mo gbé e lé Wàsíù níkùn. Ó wo ojú mi láti ilẹ̀.

"Ọ̀gá, ó wúwo díẹ̀ o."

Mo ní, "Mí sínú. Di ikùn mú."

Ó mí sínú. Ó di ikùn mú. Ọmọ náà gbà mí gbọ́. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ení, èjì. Mo sọ lọ́kàn mi pé ikú yá ju ẹ̀sín. Mi ò rò ó nígbà náà pé ikú tí mò ń sọ kì í ṣe tèmi. Mo gbé òòlù sókè, mo sì sọ ọ́ kalẹ̀.

Búlọ́ọ̀kù náà kò fọ́.

Wàsíù kò pariwo. Mo ju òòlù, mo gbé e kúrò lára rẹ̀. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó pa ọwọ́ pọ̀ níwájú àyà, ó tẹrí ba fún èrò bí mo ṣe kọ́ ọ, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ó rìn dé ẹ̀yìn àtíbàbà kó tó ṣubú. Ní ọsibítù, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú rẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ìyá rẹ̀ kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta ni ó kú, wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà tó wà níbẹ̀.

Ọlọ́pàá mú mi. Ọ̀gá wọn bi mí bóyá mo mọ̀ pé búlọ́ọ̀kù náà yàtọ̀ sí tiwa. Mo ní rárá, mi ò mọ̀, wọ́n gbé e fún mi ni, gbogbo nǹkan yá. Mo sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Wàsíù wá sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níwájú káńtà.

"Mi ò bá a ṣẹjọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ kó máa lọ. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ò ní jí ọmọ mi."

Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tó ń jáde. Kò wò mí.

Mo ti gbọ̀ngàn pa. Ọdún mẹ́ta ni mo fi bá ẹ̀gbọ́n mi tó jogún ṣọ́ọ̀bù bàbá wa jókòó sídìí aṣọ. Lọ́dọọdún, bí Iléyá bá dé, mo máa ń gbé ẹran lọ sí ilé Ìyá Wàsíù ní Ìjẹmọ̀. Ràfíátù, àbúrò Wàsíù, á jáde, á ní ìyá òun kò sí nílé. Mo máa ń rí bàtà Ìyá Wàsíù lẹ́nu ọ̀nà. Màá gbé ẹran náà sílẹ̀, màá kí wọn kú ọdún, màá máa lọ.

Mo padà sídìí iṣẹ́ ní gbọ̀ngàn náà, nítorí mi ò mọ òmíràn ṣe. Ṣùgbọ́n mi ò fọ́ nǹkan kan mọ́. Mo sì ṣe òfin kan: ọmọ tuntun kankan kò ní kọ́ ohunkóhun lọ́wọ́ mi kí n tó sọ ìtàn Wàsíù fún un. Púpọ̀ nínú wọn kì í padà wá. Ìyàwó mi sọ fún mi pé, "Bàbá Múrí, ẹ ń lé wọn lọ ni o." Mo ní mo mọ̀. Ohun tí òun àti àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò mọ̀ ni pé ìdajì ìtàn ni mò ń sọ. Ohun tí mo sọ fún ọlọ́pàá náà ni mò ń sọ fún wọn.

Irinṣẹ́ wá ń yí padà. Ìbọ̀wọ́ dé, akoto dé, ẹní fóòmù aláwọ̀ mèremère dé láti Ṣáínà, ó sì dára, mi ò ní parọ́, egungun tó ń ṣẹ́ dín kù. Lẹ́yìn náà ni fóònù dé. Ọmọ tí kò tíì lè dúró á gbé fóònù sí mi lójú: "Ọ̀gá, ẹni tó wà níbí ò ṣe é bẹ́ẹ̀." Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn wá ìjókòó Ọ̀gá Lìn rí níbẹ̀. Bàbá arúgbó kan ló ń ṣe é nínú àgbàlá kan tí mi ò mọ̀, kì í ṣe Ọ̀gá Lìn, àmọ́ ìṣísẹ̀ náà ni, kò yẹ̀ rárá. Mo ní kí ọmọ náà tún fi í hàn mí. Mo ní kó tún fi í hàn. Nígbà kẹta, mo jáde síta kí wọ́n má bàa rí ojú mi.

Nígbà tí orúnkún mi kọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ló kù. Mo dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé. Wọ́n ti sọ gbọ̀ngàn náà di ibi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ ni: bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ ni, ó sì rẹwà. Ó máa ń kọ́ èèyàn ní ìdúró. Àmọ́ mo dúró ní ìdúró ẹlẹ́ṣin fún ogójì ọdún, ní ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kí n dúró níwájú èrò kí n sọ pé "a ò ṣe é mọ́," mi ò lè dúró. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ, kó kọ́ ìyẹn kọ́kọ́.

Lọ́dún tó kọjá, Ràfíátù wá sílé wa. Ó ní ìyá òun ń pè mí. Mo rò pé ìdáríjì tí mo ti ń retí láti ọdún mọ́kàndínlógún ló dé.

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo bá a. Ó ti rù, ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ti funfun, aró ti kúrò. Ó ní kí Ràfíátù bọ́ síta.

"Ọ̀gá Wàsíù."

"Ìyá Wàsíù, ẹ kú àìsàn. Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà."

"Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín. Kí ẹ tó sọ òòlù yẹn kalẹ̀, ṣé ẹ mọ̀?"

Ẹ̀rù bà mí. Ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ fún gbogbo ayé wà lẹ́nu mi, ó ti yọ̀ bí òkúta odò. Mi ò mọ bí mo ṣe gbé e mì.

"Mo mọ̀. Bí mo ṣe gbé e báyìí ni mo mọ̀. Wàsíù tún sọ fún mi pé ó wúwo."

"Ó sọ fún mi ní ọsibítù," ni ó wí. "Ó ní òun sọ fún yín. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má bàa tì yín mọ́lé. Ìyẹn ni mo ṣe wá sí àgọ́ ọlọ́pàá. Gbogbo Iléyá tí ẹ fi ń gbé ẹran wá, mò ń dúró kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́."

Mo rọra fi ọwọ́ kan ilẹ̀ láti orí àga tí mo wà. "Ìyá Wàsíù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Mo bi yín léèrè, ẹ ti dáhùn. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ pè yín nìyẹn. Ẹ máa lọ sílé."

Ó yí ojú sí ògiri. Mo jókòó síbẹ̀ díẹ̀ bóyá ó ṣì máa sọ̀rọ̀. Ràfíátù wá mú mi lọ́wọ́ jáde.

Kò lò tó oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n sin ín ni mo tó sọ fún ìyàwó mi. Ìyá Wàsíù ni mo kọ́kọ́ sọ òtítọ́ fún, ìyàwó mi ni ẹnì kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni ẹnì kẹta.